Ìbọ̀sẹ̀ Èédú

Ògiri kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa tí kì í ṣe tiwa. Bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga ju òrùlé wa lọ, àtẹ̀gùn irin so mọ́ ọn lára bí egungun ìhà. Ibi tí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àyọ̀ká àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ ló dúró sí, àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti fún un láyè, wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èèyàn tó ń yà fún ẹlẹ́rù. Yìnyín ń bọ́. Kì í ṣe yìnyín tiwa tó máa ń lu páànù gbàgàgbàgà. Yìnyín ti òkè òkun ni, èyí tó máa ń já bọ́ bí òwú láìní ariwo. Ó ń bà lé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé kò sì rọ. Òtútù kò mú mi. Bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi sùn lọ́sàn-án ló wà lọ́rùn mi, ẹsẹ̀ mi sì wà nílẹ̀ lásán. Mo rántí pé mo ń rò ó lójú àlá náà pé: ẹni tó gbé ògiri yìí wá sí Ìlá, báwo ló ṣe gba ẹnubodè kọjá?

Mo mọ ògiri náà. Ṣikágò ló wà, wọ́n sì ti wó o lọ́dún tó kọjá. Nereida, ẹni wa kan níbẹ̀, fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: katakátá kan dúró lórí òkìtì bíríkì, ọkùnrin kan tó dé akoto ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ lójú àlá, bíríkì kọ̀ọ̀kan ti padà sáyè rẹ̀. Ohun tó ṣàjèjì sí mi ni pé kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀. Ó mọ́ lásán, bí àwo tí a fọ̀ tí a sì da ojú rẹ̀ dé.

Láti ẹ̀gbẹ́ kànga ni Lúmì ti yọ. Ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀, èyí tí ọ̀dà ti mú kó gan bí awọ. Ìborùn tí ìyá mi fún un ló fi wé irun rẹ̀. Kò wò mí bí òkú ṣe yẹ kó wo alààyè. Ó wò mí bí ẹni tí mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wú nísàlẹ̀, ó dúdú. Ó sì há ìwé kan tí a ká bí ẹní sí abíyá.

“Bàbá Ìbídùn,” ó ní, “ẹ bọ̀, ẹ wá di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ ná, kí n tó máa bá àlá lọ.

Iluminada ni orúkọ rẹ̀, èmi ni mo gé e kúrú. Puẹ́tò Ríkò, erékùṣù kan nínú òkun tó wà nísàlẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ irin ní Ṣikágò. Èmi lọ kàwé níbẹ̀. Ìwé náà kò lọ jìnnà, mo di awakọ̀ ojú irin. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan ni obìnrin kan wo ilẹ̀ láti orí àkàbà, tó ní, “Ìwọ tó gbé báàgì oúnjẹ yẹn, di ìsàlẹ̀ ìwé yìí mú fún mi, afẹ́fẹ́ ń dà mí láàmú.” Mo dì í mú. Bí mo ṣe níyàwó nìyẹn. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, ó kọ́ ọ ní Yorùbá, ó sì kọ́ ọ pé a kì í pe ọkọ ẹni lórúkọ. Lúmì gbà. Àmọ́ bí inú bá bí i, gbogbo ẹ̀kọ́ náà á fò lọ, á wá máa ké “Láoyè” kiri ilé bí ẹni ń wá ewúrẹ́.

Àwọn onílé fẹ́ kó àwa ayálégbé kúrò ní àdúgbò náà nígbà yẹn, kí wọ́n lè kọ́lé fún àwọn tó lówó jù wá lọ. Wọn kì í ní kí èèyàn jáde. Omi gbígbóná ni yóò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró nígbà òtútù. Lẹ́yìn náà iná. Ilé mìíràn á gbiná, kò ní sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣáná sí i. Àwọn tó kù kó ara wọn jọ, wọ́n ní kí Lúmì ya ohun tí ojú àwọn ń rí sára ògiri. Kò ya iná, kò ya ọlọ́pàá. Àwọn ará àdúgbò ló yà, tí gbogbo wọn jọ gbé ilé kan lérí, odindi ilé, àtùpà ṣì ń tàn lójú fèrèsé, aṣọ ṣì wà lórí okùn, ológbò jókòó lórí àga. Wọ́n ń rìn lọ sápá òsì. Wọn kò ju ṣíbí kan sílẹ̀.

Ìjọba ìlú rán àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún pátá. Wọ́n ní a kò gba àṣẹ. Àwọn obìnrin dúró lójú títì, wọ́n ń sunkún. Lúmì wọlé, ó fa ìwé kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ rèé. Olúkúlùkù èèyàn tó wà lára ògiri ló ní ìwé tirẹ̀, ìwé funfun tó gùn tó èèyàn. Lúmì á ya ẹni náà sí i fẹ́ẹ́rẹ́, á wá mú kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí àwọn télọ̀ fi ń sàmì sí aṣọ, á wà á gba orí ìlà kọ̀ọ̀kan kọjá, títí ìwé yóò fi di kìkì ihò. Á lọ èédú kúnná, á dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ mi kan tó ti gbó, á dì í lẹ́nu. Tí a bá gbé ìwé náà lé ògiri, tó bá fi ìbọ̀sẹ̀ yẹn lù ú, pó, pó, pó, èédú á gba ojú ihò wọlé. Bí a bá ká ìwé kúrò, ẹni náà ti dúró síbẹ̀, ní kìkì àmì dúdú tóótòòtó. Ẹni tí kò lè ya ẹyin lásán á wá mú búrọ́ọ̀ṣì, á máa tẹ̀ lé e lọ. Nítorí náà, kí ọ̀dà eérú àwọn ìjọba tó gbẹ tán, àwọn èèyàn wa ti ń rìn padà. Wọ́n tún kùn ún, wọ́n tún padà. Nígbà tó yá, ó rẹ ìjọba.

Ó wá di àṣà. Bí oòrùn àti òtútù bá ti jẹ ọ̀dà, àdúgbò á tún un kùn, ìgbà náà ni a máa ń tún wọn tò. Ẹni tó bá ti kú, ìwé rẹ̀ á lọ síwájú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò, ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Báyìí ni àwọn òkú ṣe ń ṣáájú, tí àwọn alààyè ń tẹ̀ lé wọn, ilé kan náà lórí gbogbo wọn. Ọ̀kan péré ni kò tẹ̀ lé wọn, Eusebio tó ń ṣe búrẹ́dì. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ojú ìwé kejì lé ògiri nínú ìkánjú, kò sẹ́ni tó rí i títí wọ́n fi kùn ún tán. Eusebio wá kọjú sápá ọ̀tún, ó ń rìn bọ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ó gbàgbé búrẹ́dì sínú ààrò.” Látìgbà náà, ìgbàkúgbà tí a bá tún un kùn, òdì ni a máa ń fi ìwé Eusebio lé e.

Lúmì ti lu ihò ìwé tèmi náà, láìsọ fún mi. Báàgì oúnjẹ mi wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò fẹ́. Mo ní àlejò ni mí níbí, Ìlá ni ilé mi wà, ẹni tó nílé níbòmíràn kì í bá onílé ru tibí. Kò bá mi jà. Ó ká a mọ́ àárín àwọn yòókù, ó ní ìwé kì í jẹun.

Nígbà tó kú, a sin ín sọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mo fẹ̀yìn tì, mo kó ẹrù mi, mo padà sí Ìlá, mo sì kó àwọn ìwé náà dání. Inú àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà, pẹ̀lú káfúrà. Mi ò ṣí i rí.

Nereida, tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Lúmì ní ọ̀dọ́bìnrin, tó ti lọ́mọ-ọmọ báyìí, ló ń wá wọn. Ó ní ìdílé Eusebio ti yọ̀ǹda ògiri ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì wọn. Ó ní àwọn tí wọ́n ń lé báyìí, ọmọ ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n, èdè Sípáníìṣì tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ díẹ̀ sí tàwọn, àmọ́ omi gbígbóná kan náà ni àwọn onílé ń gé. Wọ́n fẹ́ kí ilé náà tún máa rìn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Don Láo ni wọ́n ń pè mí lọ́hùn-ún. Don yẹn, bí a ṣe ń fi Bàbá ṣáájú orúkọ àgbà ni.

“Mo ń wá wọn,” ni mo máa ń sọ.

“Ẹ ti ń wá wọn látìgbà òtútù, Don Láo,” Nereida sọ nígbà tó pè gbẹ̀yìn. “Ṣé ààfin ni ẹ kọ́ síbẹ̀ ni?”

“Ìwé náà ti gbó, Nereida. Bí ẹ bá tún lù ú, yóò ya.”

“Bó bá ya, yóò ya lára ògiri.”

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń bàjẹ́, mo pa fóònù. Ìbídùn ọmọ wa, tó wà ní Kánádà, ní kí n ya fọ́tò wọn kí n fi ránṣẹ́, kí gbogbo èèyàn lè simi. Mi ò ṣe ìyẹn náà. Fọ́tò ìwé oníhò, ìwé funfun lásán ni. Àti pé òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ Lúmì ló wà nínú àpótí yẹn. Mi ò ní òmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí mo fi jẹun ọ̀sán tán, tí mo sùn lọ, tí ògiri fi wá dúró sẹ́yìn ilé ìdáná.

Mo di ìsàlẹ̀ ìwé náà mú. Àtàǹpàkò mi mọ àyè rẹ̀. Lúmì gun àkàbà tí mi ò rí nígbà tó gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Pó, pó, pó. Kò yára, kò fà á. Èédú ń bọ́ sí mi nírun, yìnyín náà ń bọ́ sí mi nírun. Bó bá ti ká ìwé kan kúrò, á gbé òmíràn sí i, àwọn èèyàn ń yọ lára bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ níwájú, ọkùnrin tó máa ń ta gita lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tí ilé rẹ̀ jóná. Nígbà tó kan Eusebio, ó yí ìwé padà láìwò ó, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ sínú.

Ó lu ara rẹ̀ náà. Ó gbé ìwé rẹ̀ síwájú pátápátá, ó lù ú bí ẹni ń lu ti aládùúgbò.

“Yóò ya,” mo ní.

“Kí ni?”

“Ìwé náà. Ó ti gbó.”

“Ẹ̀yin náà ti gbó. Ẹ dì í mú dáadáa.”

Yorùbá rẹ̀ já gaara. Nígbà ayé rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ máa ń tiro, á dé àárín gbólóhùn, á jókòó. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibi tó ti ń bọ̀ jìnnà.

“Mo ń tọ́jú wọn fún ọ,” mo ní. “Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.”

Ó dáwọ́ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè sí àárín èmi àti òun, ó ń wò mí láti ojú àwọn ihò náà. Mo ń rí ẹyinjú rẹ̀ ní tóótòòtó.

“Kí ni ẹ tọ́jú?” ó ní. “Ihò ni mo lu.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni sọ pé iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Mo wo ìwé náà. Òótọ́ ni, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìlà tó fi yà á ti parẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó kù kò ju ibi tí nǹkan lè gbà kọjá.

Ó wá fa ìwé tó wà láàrin jáde. Mo mọ báàgì oúnjẹ náà.

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” mo ní. “Mo ti sọ fún ọ. Àlejò ni mí níbẹ̀.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wo kànga, ó wo ewúrẹ́ Àyọ̀ká tó ń wò wá.

“Níbo la wà yìí?”

“Ìlá.”

“Ta wá ni àlejò níbí?”

Ó gbé ìwé mi lé ògiri, lẹ́yìn gbogbo àwọn tó kù, mo sì di ìsàlẹ̀ ara mi mú. Nígbà náà ni mo rí i pé báàgì wà ní ọwọ́ tí kò yẹ kó wà.

“Òdì lo fi lé e,” mo ní.

“Mo mọ̀.”

“Èmi ò gbàgbé búrẹ́dì níbì kankan.”

Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín gan-an. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, èédú gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Wọ́n pọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn,” ó ní. “Gbogbo wa ti kọjú síwájú. Ta ni yóò kọjú sí wọn?” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, pó, pó, pó. Mo ń gbọ́ ọ ní àyà mi.

“Ọ̀dà ńkọ́?” mo béèrè. “Ta ni yóò kùn ún?”

“Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi mọ́.”

Mo fẹ́ kó ká ìwé náà kúrò kí n rí ojú ara mi. Kò ká a. Ó ń lù ú lọ, yìnyín sì ń nípọn láàrin wa, títí tí mi ò fi rí ìborùn rẹ̀ mọ́, ìró náà nìkan ló kù.

Ìró náà kò dúró nígbà tí mo lajú. Àyọ̀ká ló ń fi igi lu ẹní lára ògiri ilé ìdáná, ó ń gbọn eruku rẹ̀ dànù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti gba ojú fèrèsé wọlé. Mo dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo eruku tó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀. Mi ò sunkún. Ó ṣe mí bí ìgbà tí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó fúnra rẹ̀ wà, tí ilẹ̀ ṣì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àyọ̀ká yọjú. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Òṣogbo, àwa méjèèjì la kù nínú ilé bàbá wa. “Bọ̀dá, ẹ ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.”

“Lúmì ló wá.”

Ó gbé igi náà sílẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó béèrè ohun tí àwọn ìyá wa máa ń béèrè. “Ṣé ó fún yín ní nǹkan jẹ?”

“Rárá o. Iṣẹ́ ló bẹ̀ mí.”

“Ó ní kí ẹ tẹ̀ lé òun?”

“Òdì ibẹ̀ ni.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù. Mo wá rántí pé obìnrin yẹn kò fúnni lóúnjẹ tó ṣeé jẹ nígbà tó wà láàyè.”

“Ìrẹsì rẹ̀ dára.”

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ. Ẹ ò lè sọ òmíràn.”

Mo ní kó bá mi fa àpótí páànù jáde. Òórùn káfúrà bò wá. Mo tú okùn tí Lúmì fi dì í, mo tẹ́ ìwé àkọ́kọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ti Eusebio ni. Kòkòrò ti wọ ibẹ̀. Ní etí ìwé náà, wọ́n ti lu ihò tiwọn, kéékèèké, wọn kò tẹ̀ lé ìlà kankan. Mo fọwọ́ kàn án, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọn kò tíì dé orí àwòrán, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bọ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń sọ fún Nereida pé yóò ya yìí, ó ti ń ya.

A dé orí èyí tó wà láàrin. “Di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú,” mo sọ fún Àyọ̀ká. Mo gbé òkè rẹ̀ sójú fèrèsé. Oòrùn gba inú àwọn ihò kọjá, ó sì tò sára ògiri yàrá wa: ọkùnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, tó gbé báàgì oúnjẹ dání, kìkì ìmọ́lẹ̀.

Àyọ̀ká wò ó títí. “Etí yín nìyẹn,” ó ní. “Kò gbàgbé etí yín.”

Fóònù wà lórí àga. Mo pe Nereida, ó gbé e kíá, ariwo ojú títì wọn wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Don Láo. Ẹ má sọ pé ẹ ṣì ń wá wọn.”

“Mo ti rí wọn. Àbúrò mi yóò gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ lọ́la. Kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ìwé Eusebio. Ẹ kọ́kọ́ lu tirẹ̀.”

Ó ní, “Ìwé kan wà níbẹ̀ tí a kò lò rí.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí.”

“Ẹ̀yìn ni tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Don Láo.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àárín àwọn ọmọ tuntun yẹn ni kí ẹ fi mí sí. Kí ẹ sì fi òdì rẹ̀ lé ògiri.”

“Wọn yóò sọ pé a tún ṣe àṣìṣe.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́,” mo ní. Lára ògiri yàrá, oòrùn ti ń relẹ̀, ọkùnrin yẹn sì ti ń yẹ̀ kúrò níbi tó wà, díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀. Àyọ̀ká ṣì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú.